Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Ka Ogójì Ọmọ Pé, Tí Ọ̀kan Sì Sọnù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò ní í kúrú. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe. N kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, àfi tí ẹ bá fẹ́ ka ọṣẹ dúdú tí mo bá ìyá mi kiri nígbà tí mo wà lọ́mọdé mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Èjìgbò ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti dúró síwájú pátákó, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí àwọn tí mo kọ́ ní ABD fi ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá mi. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ka ìwé tíṣà, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń pẹ́, ó sì ń dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Ọ̀gá Oyèlàmí, hẹ́dìmásítà iléèwé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ní Èjìgbò. Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni. Orí alùpùpù ló ti máa ń wá láràárọ̀, eruku ọ̀nà á ti bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Gbogbo wa ń bi ara wa léèrè bó ṣe ń ṣe é. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé àpò ló ń fi í sí, ó di abẹ́ igi ìdí gééètì kó tó wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní kí n kọ gbólóhùn kan sójú pátákó. Mo kọ ọ́. Ó lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó wá yí ohùn padà bí ọmọdé.

"Àǹtí, ọmọ ọdún méje ni mí. Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn, mà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo kà á fún un.

"N kò rí i, mà. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀nà oko."

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kọ ọ́ tí mo sì nù ún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejọ, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ràfátù, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn lọ̀gá rẹ. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹ." Ó bá tirẹ̀ lọ. N kò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá yìí le! Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la ń kó nóòtù ìkọ́ni wa fún un, bíírò pupa rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bó bá rí ṣọ́ọ̀kì tó já sílẹ̀, á ṣà á, á kó o sínú agolo, á ní, "Ẹni tó ra èyí kò jù ú sílẹ̀." Àwa fúnra wa la ń kun pátákó nígbà yẹn. Àwọn ọmọ á mú òkú bátìrì wá láti ilé, a ó fọ́ ọ, a ó da ẹ̀dú inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, a ó gún un, a ó sì fi kanrinkan kùn ún títí pátákó á fi dúdú kirikiri. Àtẹ́lẹwọ́ mi kì í mọ́ títí ọjọ́ Ajé. Ríìmù táyà ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni agogo wa. Ìwé ìdánwò, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́ kí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí tó dé, èyí tí yíǹkì rẹ̀ máa ń ba aṣọ jẹ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, pátákó ti di funfun, ṣọ́ọ̀kì ti di bíírò olómi, àwọn tíṣà tuntun sì ń ti inú fóònù ka nóòtù. N kò bá wọn jà. Inú mi dùn pé ikọ́ ṣọ́ọ̀kì kò ní í bá wọn délé.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà tí n kò lè gbàgbé, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdún kẹta tí mo wọṣẹ́ ni. Ìparí táàmù kejì ti ń bọ̀, òjò sì ti da ètò rú lẹ́ẹ̀mejì, ni gbogbo nǹkan bá dì sínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀gá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: ọjọ́ Ajé, ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀; ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àfihàn iṣẹ́ ọwọ́; Ọjọ́rú, kí kíláàsì kẹta lọ sí Masifa nítòsí wa lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe gààrí; Ọjọ́bọ̀, eré ìdárayá; ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ àwọn òbí, kó sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀. Èmi ni mo ni kíláàsì kẹta. Èmi náà ni wọ́n tún fi ṣe olórí orin àti eré orí ìtàgé, nítorí pé èmi ni mo kéré jù nínú àwọn tíṣà. Ẹrú kékeré kì í sinmi.

Ọjọ́ Ajé lọ dáadáa. Ìnsípẹ́kítọ̀ bi àwọn ọmọ mi ní ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la. Ọ̀kan ní awakọ̀, ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì. Ọmọ kan ní òun fẹ́ di ìnsípẹ́kítọ̀ kí òun lè máa mu mínírà ní ọ́fíìsì hẹ́dìmásítà. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kó ìgbálẹ̀, ẹní, abẹ̀bẹ̀ àti ìkòkò amọ̀ wá. Gbogbo ọmọ ló mú nǹkan dání àfi Màríámù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Màríámù ṣe jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Ẹ mọ̀ pé kò sí agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn láàrin wa. Bàbá rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, Alájà tó ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà, pé kó wá gbọ́ èdè ilé. Táàmù méjì ló ti lò lọ́dọ̀ mi. Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo fẹ́ tọ̀" lọ. "Tàntí" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ yòókù á sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pè mí ní ohunkóhun mọ́. Á jókòó sẹ́yìn, á máa wò mí. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọmọ náà kò gbọ́n. Mo fi òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí mo sì pín ipa fún ọjọ́ àwọn òbí, mo fo orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ni odi fẹ́ wí níwájú èrò.

Ọjọ́rú pé. Òbí kan yá wa ní ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì mi, gbogbo wọn ló wá lọ́jọ́ náà. Mo kà wọ́n wọ ọkọ̀, ó pé ogójì. Ní Masifa, wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń rin ín, bí wọ́n ṣe ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́, bí àwọn obìnrin ṣe ń yan án. Èéfín wọ gbogbo wa lójú. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀, kí n má purọ́. Pápá eré ìdárayá tí a kò tíì fi eérú lalẹ̀ ni mo ń rò, àti orin ọjọ́ Ẹtì tí wọn kò tíì mọ̀. Nígbà tí a fẹ́ padà, ariwo wọn pọ̀. Mo pariwo mọ́ wọn pé, "Ẹ dákẹ́! Ẹni tó bá lanu yóò kúnlẹ̀!" Wọ́n dákẹ́. Mo kà wọ́n láti orí dé orí, ó pé ogójì géérégé. Awakọ̀ tẹná.

A dé Èjìgbò, mo lé wọn sí pápá. Èmi àti àwọn tíṣà méjì ń da eérú sílẹ̀ fún ilà eré sísá. Agogo dún, wọ́n ní ó di ilé. Pápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nígbà tí mo rí Alájà tó ń bọ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Màríámù dà?"

"Ṣé kò tíì délé ni, mà?"

"Kò tíì délé. Mo ní bóyá ẹ ṣì ń lò ó níbí ni."

Mo wo pápá, mo wo kíláàsì, mo wo ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá Oyèlàmí jáde láti ọ́fíìsì.

"O kà wọ́n?"

"Mo kà wọ́n, sà. Ogójì ni wọ́n."

"Ta lo kà?"

Sáúdátù, ọmọ kíláàsì mi kan tó ṣì ń ṣeré nítòsí, ló sọ̀rọ̀. "Ọmọbìnrin kan wà nínú ọkọ̀ wa tí a ò mọ̀, sà. Ọmọ Masifa ni. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà."

Yunifọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo iléèwé ń wọ̀ lágbègbè wa nígbà náà. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo kà mọ́ tèmi.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Mo yíjú sí i.

"Ẹ ní ká dákẹ́, mà."

Alájà ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú tí a fi lalẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Ọmọ tí kò gbọ́ èdè. Ọmọ tí kò lè júwe ilé." Ọ̀gá ti gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn. Eré ló ń sá láti Èjìgbò dé Masifa. Mo ń rò ó pé bí ọmọ yìí bá ti wọ inú igbó lọ, bí ọkọ̀ bá ti gbá a, ibo ni mo fẹ́ fi ojú mi sí láyé?

Ní ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, a bèèrè ọmọ náà, obìnrin kan sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé kan. "Ọmọ elédè òkè òkun yẹn? Ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Lámídì. Obìnrin yẹn náà ti Àbíjàn dé ni."

A ò tíì yí igun ilé náà tán tí mo ti gbọ́ ohùn ọmọdé. Ohùn náà ń já geere, kò dúró mí èémí. N kò mọ ohùn náà. Màríámù ni. Ó jókòó sórí àpótí, abọ́ wà lórí itan rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà, nítorí n kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

Ìyá Lámídì dìde, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Àṣẹ̀kẹ́ ni mo ń sè, ẹ̀gẹ́ tí a fi ooru omi sè bí wọ́n ṣe ń sè é ní Àbíjàn. Ọmọ yìí gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ̀ mí wá, ó fi Faransé kí mi. Mo dá a lóhùn. Ó bá dì mọ́ ìró mi. Mo rò pé ọmọ àwọn tó ti Àbíjàn dé síhìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Láti ìgbà náà, kò tíì dákẹ́."

"Kí ló ń sọ?" Èmi ni mo bi í.

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Ó ní ìyá òun ń ta àṣẹ̀kẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní òun ló ń ka ṣéńjì fún un." Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà. "Ó ní òun mọ ìṣirò gan-an, ṣùgbọ́n tíṣà òun kò bi òun léèrè nǹkan kan rí."

Mo jókòó lórí òkúta tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀gẹ́, mo sunkún. Màríámù sọ abọ́ kalẹ̀, ó wá fi ọwọ́ tó ní epo nu mí lójú. "Tàntí," ló wí. "Tàntí."

Àwa mẹ́ta la gun alùpùpù padà. Alájà dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó tún gbá a nídìí, ó tún dì mọ́ ọn. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde. N kò ṣépè fún yín. Ṣùgbọ́n Màríámù kò ní í wá sí iléèwé yìí mọ́. N ó dá a padà fún bàbá rẹ̀."

Ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá kọ kúẹ́rì fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé yóò bèèrè ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dá mi dúró. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: *Láì wo rẹ́jísítà, kọ orúkọ ogójì ọmọ kíláàsì rẹ, kí o sì kọ ohun kan tí o mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fẹ́ ẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.*

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Orúkọ yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ohun kan kan nípa wọn dé orí ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bíírò mi dúró. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mo ń rí lójoojúmọ́ ayé tí n kò mọ nǹkan kan nípa wọn ju ibi tí wọ́n ń jókòó lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n fa okùn, ilé aláwọ̀ ewé gba ife ẹ̀yẹ. Àtẹ́wọ́ ni mo ń pa, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe ṣe tán, mo gba ilé Alájà lọ. Mo bá Màríámù lójúde, ó ń to aṣọ títà. Mo kí ìyá àgbà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo fi ìka kan hàn án, mo ní, "Kí lẹ ń pe èyí ní Àbíjàn?"

Ó wò mí. Ó wo ìyá àgbà rẹ̀. "Ọ̀ń," ló wí.

Mo fi ìka méjì hàn án. "Dọ̀ọ́." Mo fi mẹ́ta hàn án. Mo ń pè é tẹ̀lé e, ẹnu mi ń wọ́. Nígbà tí a fi dé mẹ́rin, Màríámù ti ń fi aṣọ bo ẹnu rín mi. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó mi orí, ó ní kí n tún un pè, ojú rẹ̀ sì le bíi ti Ọ̀gá Oyèlàmí gan-an. Alájà, tó ti gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹnu yín wúwo o! Ọmọdé pàápàá ì bá ti mọ̀ ọ́n pè." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ó dáa. Ẹni tó lè wá jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi, n kò lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ wá mú un lọ́la."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn òbí kún abẹ́ igi máńgòrò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn ọmọ kọrin, wọ́n ṣeré, ẹni tó ń ṣe ọba gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń pè mí níwájú gbogbo ayé pé, "Àǹtí, kí ló kàn?" Nígbà náà ni mo ní kí Màríámù jáde. Ó kí àwọn òbí káàbọ̀ ní Faransé, gbólóhùn mẹ́rin péré, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa."

Bàbá arúgbó kan tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Àbíjàn wá dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì dá a lóhùn ní Faransé. Obìnrin kan tún dáhùn láti ẹ̀yìn. Ẹnìkan níbí, ẹnìkan lọ́hùn-ún, ó tó ogún ènìyàn tó ń kí ọmọ náà ní èdè tí wọ́n rò pé àwọn ti fi sílẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó ń yí ojú láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alájà kò lè jókòó mọ́. "Ọmọ mi nìyẹn!" ló ń wí fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn!"

Mo fún Ọ̀gá ní èsì kúẹ́rì náà bó ṣe rí, mo jẹ́wọ́ fún un pé n kò lè parí rẹ̀. Ó kà á tán. Ó mú bíírò pupa, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *26/40. Tún un ṣe.*

Mo tún un ṣe. Mo gba ogójì nínú ogójì kí táàmù kẹta tó parí. Láti ìgbà náà, kò sí kíláàsì tí mo gbà tí n kò bi ara mi ní ìbéèrè kúẹ́rì yẹn kí oṣù àkọ́kọ́ tó tán.

Màríámù lo ọdún mẹ́ta sí i lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí yóò fi parí kíláàsì kẹfà, èébú Èjìgbò tó mọ̀ ti ju tèmi lọ. Bàbá rẹ̀ wá mú un padà lọ, ó ń sunkún pé òun kò lọ. Mo gbọ́ pé ó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, ó sì ń ta aṣọ ní Àbíjàn bíi ti ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀gá Oyèlàmí fẹ̀yìn tì ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó dáko iṣu títí ó fi lọ sinmi. A lọ sin ín, gbogbo àwa tíṣà tí bíírò pupa rẹ̀ ti pa lẹ́kún rí.

Nígbà tó kan èmi náà láti fẹ̀yìn tì, kíláàsì kìn-ín-ní ni mo ń kọ́. Mo sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé n kò ní í wá sí iléèwé mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká eyín, Bọ́láńlé, na ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti yege ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo fi ìborùn bo ojú. Ọmọ náà dìde níbi tó jókòó sí, ó rìn wá síwájú, ó di aṣọ mi mú.

"Ẹ má sunkún mọ́, mà," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ní wọn kì í na èèyàn púpọ̀ ní sẹ́kọ́ńdírì."